Fíìmù thylacine tí wọ́n kùn láwọ̀: ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò

Ọ̀fẹ́ ni, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 80 lọ, kò sì ní ohùn kankan. NFSA, ilé tí wọ́n ń kó fíìmù àti ohùn pamọ́ sí ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 7 Oṣù Kẹsàn-án 2021. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún 85 tí thylacine tí a mọ̀ kẹ́yìn kú nínú ọgbà ẹranko Beaumaris ní Hobart, ní erékùṣù Tasmania. Àwọn òyìnbó ń pe ẹran yìí ní ẹkùn tàbí ìkookò Tasmania. Kì í ṣe èkíní, kì í ṣe èkejì: ẹranko ajẹran tó ń gbé ọmọ sínú àpò bíi kangarúù ni.

David Fleay, onímọ̀ ẹranko, ló yà á ní Oṣù Kejìlá 1933, ní dúdú àti funfun. NFSA gbé nẹ́gátíìfù náà sínú kọ̀ǹpútà ní 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Samuel François-Steininger ní Paris kí ó kùn ún láwọ̀. Iṣẹ́ náà gbà ju wákàtí 200 lọ, kò sì yà mí lẹ́nu. Irun ara ẹran náà kúrú, ó sì ki, nítorí náà àwọ̀ tó bá ṣì lọ díẹ̀ ti hàn kedere ní 4K. AI ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ìrìn ẹran náà àti lórí àbàwọ́n inú àwòrán, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé àwọ̀ náà ṣeé gbàgbọ́? Ti ara ẹran, bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan. Awọ rẹ̀ tó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, pẹ̀lú àwọn àwòrán tí wọ́n fọwọ́ kùn láyé ọjọ́un. Bẹ́ẹ̀ awọ tó ti pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá. Ti inú ẹnu àti ilẹ̀ tó ń tẹ̀, àfojúbù ni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí sẹ́tíǹgì YouTube, kí ẹ dín ìyára rẹ̀ sí 0.5. Lórí fóònù, 480p tó fún wíwò àkọ́kọ́. 1080p ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kejì bí dátà bá wà, torí 480p máa ń pa àwọn ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ìlà wọ̀nyí máa ń tó 13 sí 21, wọ́n sì lọ dé ìdí ìrù. Ẹ wo ìrù náà dáadáa: ìdí rẹ̀ nípọn, ó le gbagidi, kò jọ ti ajá rárá. Níbi tó ti ya ẹnu, ẹ dá a dúró. Ẹnu thylacine lè là tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 degree. Kì í ṣe oorun ló ń kùn ún o, ìkìlọ̀ ni: ẹran náà bu Fleay jẹ ní ìdí níbi tó ti ń ya fíìmù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ń pín kiri. Èyí tí wọ́n fi ohùn gbígbó bíi ti ajá sí, irọ́ ni. Kò sí ibi tí wọ́n gba ohùn thylacine sílẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n kọ “Benjamin, thylacine ìkẹyìn” sí, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe èyí tó kú kẹ́yìn, náà kò tọ̀nà. Akọ ni ti inú fíìmù, torí àpò ẹpọ̀n rẹ̀ hàn nínú férémù kan. Èyí tó kú ní 1936, abo tó ti dàgbà ni. Elias Churchill ló dẹ tàkúté mú un, ó sì tà á fún ọgbà náà ní Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn.

Fíìmù náà kò sì lè sọ ìdí tí ẹran náà fi tán. Láti 1888 sí 1909, ìjọba Tasmania ń san pọ́n-ùn kan fún àgbà kan tí wọ́n bá pa, ṣílè 10 fún ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀sùn pé ó ń pa àgùntàn. Ìgbà 2,184 ni wọ́n san owó náà. Òfin tó dáàbò bò ó wá jáde ní 10 Oṣù Keje 1936, ó ku ọjọ́ 59 kí ti Beaumaris kú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo fún un ní máàkì 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé àwọ̀ náà ń mú kí ènìyàn gbàgbé pé kíkùn ni wọ́n kùn ún. Ẹ wá ẹ̀dà dúdú àti funfun lọ́dọ̀ NFSA kan náà, kí ẹ wò wọ́n pọ̀. Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Hobart, egungun àti awọ abo ìkẹyìn náà wà ní Tasmanian Museum and Art Gallery. Inú àpótí àwọn ohun ìkọ́ni ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní 2022.