Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tó ń ra páìpù àkàbà ọdẹ ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, àtẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ àkàbà fún wẹ́dà, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gbé owó lọ sí ìsọ̀ onírin. Ọkùnrin kan wà tó ń ta irin nílùú wa níbí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í júwe ìsọ̀ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ ṣáà mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí wọ́n ń lò, ẹ ó dá wọn mọ̀ fúnra yín.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń dẹ ìgbẹ́ níhà Ọ̀pẹjì fẹ́ ṣe àkàbà pẹ̀lú pẹpẹ tí yóò so mọ́ igi, kó lè máa tòkè ṣọ́ àwọn túùrùkú tó ń hú ẹ̀gẹ́ jẹ lóko. Wẹ́dà ní kó lọ ra páìpù onígun mẹ́rin, ínṣì kan, géèjì 14 (géèjì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe nípọn tó). Géèjì 18 ni ọkùnrin yìí gbé síwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, èyí gan-an ló nípọn jù. Ṣé 18 kò ju 14 lọ ni?” Nígbà tó rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n kò tíì gbà á, ó mú irin kan nílẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó fi Ògún búra pé kò sí èyí tó le tó o lọ́jà. Ọdẹ wo ni yóò tún jiyàn lẹ́yìn ìyẹn?

Ìbúra kì í mú irin nípọn o. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń ga sí i ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i. Géèjì 14 jẹ́ mìlímítà 2, 16 jẹ́ bíi 1.6, 18 sì jẹ́ bíi 1.2 péré. Owó géèjì 14 ni ẹ̀gbọ́n san.

Nígbà tí wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, iná ń lu páìpù náà jáde. Ó ń dí ihò, ó ń kun ún (èmi ò gbóríyìn fún wẹ́dà yẹn náà). Ẹ̀gbọ́n gun àkàbà dé ìdajì, ẹsẹ̀ àkàbà náà kan ṣẹ́po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó, ó sì jù ú sílẹ̀. Ìbàdí ló fi gbalẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìbọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; okùn ló fi máa ń fà á sókè, láìkì í, lẹ́yìn tó bá ti jókòó tán.

Ẹ má wo etí páìpù kí ẹ sọ pé ó nípọn. Ayùn tí wọ́n fi gé e máa ń ká etí rẹ̀ wọnú, á wá dà bí ohun tó ki. Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì yún un kúrò, kí ẹ tó fi kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọ̀n ọ́n, kó má sì jẹ́ lójú ìlà tí wọ́n ti jó páìpù náà pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá gbé jáde látẹ̀yìn ìsọ̀ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì fún àfihàn.

Èyí tó dá mi lójú jù ni kílò. Ẹ kọ́kọ́ fi tépù wọn gígùn rẹ̀, torí àwọn kan ti gé díẹ̀ tà lára rẹ̀. Mítà 6 ló yẹ kó jẹ́. Onígun mẹ́rin ínṣì kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ mìlímítà 2 lóòótọ́, yóò lé ní kílò 8 àti ààbọ̀. Ti mìlímítà 1.5 á lé díẹ̀ ní 6 àti ààbọ̀. A gbé odindi kan tó ṣẹ́kù nínú ti ẹ̀gbọ́n lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra àlòkù irin: kílò 5 àti díẹ̀!

Ẹ̀tàn míì tún wà: páìpù àlòkù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà fàdákà, tí wọ́n ń pè ní galvanize, ìyẹn irin tí wọ́n fi síńkì bò. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Bí ọ̀dà bá ṣí, tí ìpẹtà yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn. Inú ni ìpẹtà ti ń jẹ irú rẹ̀ jù, níbi tí ojú kò dé. Galvanize gidi pàápàá, kí wẹ́dà yún síńkì tó bò ó kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó sì jó o níta gbangba. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára.

Ẹ ní kí wọ́n kọ mìlímítà àti kílò sórí rìsíìtì kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹ̀yin tí irú páìpù yìí sì ti wà nílé yín, ẹ fi ṣe ilé adìẹ, ẹ má gùn ún.