Ínṣì 5 àbí ínṣì 8? Ẹ kọ́kọ́ bi yàrá yín léèrè

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan lórí sípíkà, ẹ lọ dúró sí àárín yàrá tí ẹ fẹ́ gbé e sí, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó dún dáadáa. Bí ohùn rẹ̀ bá kú lójú ẹsẹ̀, yàrá yín ti bá yín ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bó bá ń dún lọ, tó ń ta láti ara ògiri kan sí èkejì bí ìgbà tí èèyàn wà nínú táǹkì omi, ẹ má tíì lọ sí Alaba. Sípíkà tó dáa jù níbẹ̀ yóò dé inú yàrá yẹn, yóò sì máa pariwo lásán.

Ẹni tó fẹ́ jókòó gbọ́ orin nílé ni mò ń kọ èyí fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe páàtì. Sípíkà Yamaha HS5 àti HS8 ni mo fẹ́ fi wé ara wọn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n jáde, 2013, bí wọ́n ṣe to inú wọn sì jọra. Ọ̀kan kàn tóbi ju èkejì lọ ni. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti rí ohun tí yàrá ń ṣe sí sípíkà.

HS5: ojú béèsì (ojú ńlá tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà jáde) ínṣì 5, agbára 70 wáàtì, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 54 Hz, kílò 5.3.
HS8: ojú béèsì ínṣì 8, agbára 120 wáàtì, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 38 Hz, kílò 10.2.

Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe kéré tó ni ohùn náà ṣe ń rẹlẹ̀ tó. Okùn tó nípọn jù lára jìtá béèsì, 41 Hz ni. HS8 lè dé ibẹ̀, HS5 kò lè dé ibẹ̀ tagbáratagbára. Ọlọ́jà yóò ní kí ẹ gbé èyí tó tóbi, ó sì lè jẹ́ pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì rí yàrá yín.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Bí ìgbì ohùn kan bá gùn ní ìlọ́po méjì yàrá náà gẹ́lẹ́, àlọ rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀ láàárín ògiri méjì yóò ṣe wẹ́kú, yóò sì máa wú. Ẹ fi ìlọ́po méjì 3.66 pín 343, ẹ ó rí 47 Hz. Nígbà tí gígùn àti fífẹ̀ yàrá bá wá dọ́gba, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ máa wú ohùn kan ṣoṣo yẹn. Lára jìtá béèsì, ó bọ́ sáàárín F♯ àti G.

Mo gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí n'Íbàdàn, mo sì ra sípíkà oní-ínṣì 8 sí i, kì í ṣe Yamaha. Mo fi àwo jùjú kan sí i. Béèsì ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ohùn kan, ohùn méjì, àfi bó ṣe kan ohùn kẹta: gìrììì! Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, ife orí tábìlì ń rìn. Bó ti kúrò lórí ohùn yẹn, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Mo rò pé sípíkà ti bàjẹ́, mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi orin kan náà sí i, ó dún kedere. Ṣọ́ọ̀bù náà gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu sí títì. Nígbà tí mo padà délé, mo fi orin náà sí i, mo wá ń rìn yí yàrá ká. Ní kọ̀rọ̀, béèsì náà ń tì mí láyà. Ní àárín yàrá gan-an, ó pòórá. Sípíkà kan náà, orin kan náà, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín.

Fún irú yàrá yìí, HS5 ni kí ẹ rà. Kó tó dé 54 Hz ló ti ń rọlẹ̀, kò ní fún 47 Hz yẹn lóúnjẹ púpọ̀. Ìsàlẹ̀ béèsì yóò dín díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ó gbọ́ yóò dọ́gba, ohùn kan kò ní máa jẹ gàba lórí àwọn yòókù. Bí tábìlì yín bá sún mọ́ ògiri, bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ ROOM CONTROL sí. Ẹ fi sí 2 tàbí 4 láti dín béèsì kù. HS8 náà ní in, ṣùgbọ́n kò lè gbà á nínú yàrá kékeré, nítorí gbogbo béèsì ló ń dín kù, kì í ṣe 47 Hz nìkan.

Nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ká ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 15. Gígùn rẹ̀ yóò máa wú 28 Hz, fífẹ̀ rẹ̀ yóò máa wú nǹkan bíi 37 Hz. Àwọn méjèèjì kò bọ́ sójú kan náà, wọ́n sì rẹlẹ̀ ju ibi tí HS8 ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ. HS8 ló ni ibẹ̀. HS5 á máa dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ó máa gbé ohùn rẹ̀ sókè ṣáá, kò sì ní kún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà mọṣẹ́, gángan ni kí ẹ fi dán an wò

Ẹ wá orin tí gángan ti ń sọ̀rọ̀, tí akọrin kò fi ẹnu tún un sọ. Ẹ jókòó, ẹ dijú. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń wí? Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe ń yọ́ gòkè nígbà tí onílù ń fún okùn awọ ara ìlù mọ́ ìhà? Nínú yàrá tó ń dún padà, ohùn àkọ́kọ́ kò tíì kú tí èkejì fi dé bá a, òkè pàdé ìsàlẹ̀, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó náwó rẹpẹtẹ sórí sípíkà, tí gángan sì di ariwo lásán nílé rẹ̀.

Ẹ̀bi ilé wa pọ̀ nínú èyí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ dán, táìlì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé: nínú ohùn gángan tó bá kan ògiri tàbí táìlì yẹn, kò ju nǹkan bíi 5 nínú 100 lọ tí wọ́n ń gbà mọ́ra. Àwọn ará wa tó wà ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ògiri inú ilé wọn sábà máa ń jẹ́ bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ pákó, tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí béèsì bá kàn án, á mì, á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í mì. Nítorí náà, bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ní sípíkà ńlá kò da òun láàmú, ẹ gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ má fi yàrá rẹ̀ wọn tiyín.

Ní 1895, irú wàhálà yìí bá gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ń dún fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 5.5 kó tó kú. Wallace Clement Sabine, olùkọ́ físíìsì kan níbẹ̀, ni wọ́n gbé e fún. Òru ló máa ń kó tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn wá, yóò kó díẹ̀ sí i, yóò wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó, yóò tún kó díẹ̀ sí i. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ ni ohùn ń tètè kú. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì yín ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Yàrá táìlì tó ṣófo pátápátá lè dún kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2. Fún orin nílé, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó dín díẹ̀ ló tura.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohùn ni aṣọ lè mú. Kápẹ́ẹ̀tì nípọn lórí kọnkéré lè gba nǹkan bíi 60 nínú 100 ohùn 2,000 Hz, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í lè ta yín létí mọ́. Bó bá kan 125 Hz, kò gbà ju 2 lọ. Kọ́tìnnì tó wúwo, tó ṣẹ́ léra dáadáa, sàn jù ú lọ. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ran béèsì rárá: ìgbì 47 Hz gùn ju mítà 7 lọ, kí ni yóò fi páálí ṣe? Ibi tí ẹ gbé sípíkà sí àti ibi tí ẹ jókòó sí ni oògùn rẹ̀. Ẹ kúrò ní kọ̀rọ̀. Ẹ má jókòó sí àárín yàrá gan-an, ẹ má sì fẹ̀yìn ti ògiri. Kí ìjókòó yín fi ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn. Kí ẹnìkan wá mú dígí, kó máa fà á lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí láti orí ìjókòó yín, ibẹ̀ ni kọ́tìnnì tàbí pẹpẹ ìwé yẹ kó wà.

Àwọn yòókù lọ́jà

JBL Charge 5, sípíkà kékeré oníbátìrì, dára fún ilé ìdáná àti fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Àpótí kan ṣoṣo ni, apá òsì àti ọ̀tún orin ń pàdé nínú rẹ̀, ẹ kò ní mọ ibi tí onígángan dúró sí. Saundibáà wà fún fíìmù. Èyí gogoro tí wọ́n kọ PMPO ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì sí lára, ẹ má ka nọ́ńbà yẹn sí. RMS ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró.

Bó bá jẹ́ HS5 tàbí HS8 lẹ fẹ́, ẹ bèèrè bóyá owó ẹyọ kan ni wọ́n ń pè tàbí ti méjèèjì, torí wọ́n máa ń tà á lẹ́yọ-lẹ́yọ. Kò ní Bluetooth. Ẹ ó nílò wáyà tí orí rẹ̀ kékeré níbi fóònù, tó sì pín sí orí ńlá méjì. Ihò béèsì wà lẹ́yìn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ wo iye fóòtì iná (V) tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná wa. Bó bá sì jẹ́ sípíkà tòkunbọ̀ àtijọ́, oríṣi yòówù kó jẹ́, ẹ fi ìka tẹ etí rírọ̀ tó yí ojú béèsì ká. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ọjọ́ orí a sì máa jẹ ẹ́. Bó bá rún mọ́ yín lọ́wọ́ bíi bisikíìtì, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.