Abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ọ̀kadà: ojúlówó, kíìtì Ṣáínà, tòkúnbọ̀ àbí kábúrétọ̀ tuntun?

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200 l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ₦500, ó sì tún gun òkè lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyẹn ló sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà Ìkòròdú di oníbèéèrè: kí ló dé tí máṣínì tèmi ń mu epo ju ti ẹnìkejì mi lọ, nígbà tó jẹ́ pé Sábó sí Ìjẹ̀dẹ̀ la jọ ń ná?

Mẹkáníìkì á tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, á ní abẹ́rẹ́ ti jẹ, á sì rán yín lọ rà á wá. Ní ṣọ́ọ̀bù, oríṣi mẹ́rin ni wọ́n lè kó síwájú yín, owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá. Kí n tètè sọ èrò tèmi: ẹ má ra abẹ́rẹ́ láìra túùbù idẹ tó ń wọ̀.

Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe

Tí ẹ bá fa tọ́rọ́tù, sílaìdì inú kábúrétọ̀ á gòkè, abẹ́rẹ́ tó so kọ́ ọ á sì bá a gòkè. Ìsàlẹ̀ abẹ́rẹ́ náà wà nínú túùbù idẹ kan. Nítorí pé ó ń tínrín lọ sísàlẹ̀, bó ṣe ń gòkè ni àyè tí epo ń gbà kọjá ń fẹ̀ sí i. Láti ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́rọ́tù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, òun ni ọ̀gá. Bí tọ́rọ́tù kò bá tó bẹ́ẹ̀, sílóò jẹ́ẹ̀tì (jẹ́ẹ̀tì ni ihò kékeré tó ń wọn epo) àti skúrù afẹ́fẹ́ ló ń pín epo. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, méènì jẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó ń kérò nínú Ìkòròdú kì í sábà fa tọ́rọ́tù dópin, ihò ojú ọ̀nà ò tiẹ̀ ní gbà fún un. Àárín yẹn ló ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ti ń fi epo ṣòfò.

Ẹ ṣọ́ra o: abẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú kábúrétọ̀. Èyí tó kúrú, tí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, ti fílóòtù ni, ohun tó ń léfòó lórí epo tó sì ń dá a dúró bó bá ti kún. Bí epo bá ń kán sílẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ọ̀kadà dúró, ìyẹn ni kí ẹ lọ wò, kì í ṣe èyí tí à ń sọ níbí.

Kí ẹ tó náwó

Lọ́rùn abẹ́rẹ́, ìlà márùn-ún ló sábà máa ń wà, kílíìpù kékeré kan á sì há sí ọ̀kan nínú wọn. Tí ẹ bá sọ kílíìpù kalẹ̀ ní ìlà kan, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i. Tí ẹ bá gbé kílíìpù sókè, epo á dín kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra abẹ́rẹ́ tuntun nígbà tó jẹ́ pé mẹkáníìkì àná ló sún kílíìpù síbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá ra ọ̀kadà láti Jọ́ọ̀sì, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Ìlú yẹn ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì lè ti dín epo kù kí ẹ́ńjìnnì lè dùn. Létí ọ̀sà níbí, afẹ́fẹ́ pọ̀, epo tí wọ́n dín kù yẹn kò ní tó o mọ́.

Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Eruku ọ̀nà Ìmọ̀ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè dí i pa, èéfín dúdú á máa jáde, wọ́n á sì dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Bí rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bá là, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa rí: ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á máa kọ́sẹ̀ bí ẹ bá fa tọ́rọ́tù. Àwọn yìí ò ná yín tó abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gun ọ̀kadà lórí ìdajì tọ́rọ́tù fún ìgbà díẹ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ yọ pílọ́ọ̀gì wò. Èédú dúdú gbígbẹ, epo ti pọ̀jù. Funfun báláú, epo ò tó, ẹ má sì fi gun ọ̀nà jíjìn. Bó bá pọ́n bíi kòkó tí a bu mílíìkì sí, ẹ fi owó yín sápò.

Ojúlówó

Èyí ló wọ́n jù, òun ló sì dá mi lójú jù fún ọ̀kadà tó ṣì lágbára. Wọ́n máa ń tẹ àmì sára rẹ̀. Lórí ti Mikuni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe kábúrétọ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe gùn tó, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ń tínrín: A jẹ́ ìṣẹ́jú igun 15, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń fi 15 mìíràn kún un, tí D fi jẹ́ dígíìrì kan gééré. Lẹ́tà méjì túmọ̀ sí pé ó ń tínrín lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Keihin, tó ń ṣe kábúrétọ̀ bákan náà, ní àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ da àmì abẹ́rẹ́ àtijọ́ kọ sínú fóònù kí ẹ tó jáde nílé.

Kíìtì Ṣáínà

Inú ọ̀rá kan ni gbogbo rẹ̀ ń wà: abẹ́rẹ́, jẹ́ẹ̀tì, gásíkẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ fílóòtù. Fún ọ̀kadà irú CG125 tó ń lo kábúrétọ̀ PZ26 tàbí PZ27, n kò bá ẹnikẹ́ni jà tó bá rà á, torí Ṣáínà náà ni kábúrétọ̀ ọ̀hún ti wá. Fún ọ̀kadà mìíràn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí káńtà. Ẹ yí abẹ́rẹ́ lórí gíláàsì fóònù. Bó bá wọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí orí wọn dọ́gba, ẹ wo ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín. Ọlọ́jà á ní, “Ọ̀gá mi, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Bí ibẹ̀ bá yàtọ̀ níwọ̀n ìbú èékánná, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo inú ọ̀rá sínú kábúrétọ̀. Bí jẹ́ẹ̀tì yín bá ṣì mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi wáyà gún un, ẹ fi í sílẹ̀. Bí nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì bá ṣe ga tó ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ tó, ti inú kíìtì sì lè má bá tiyín mu. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ kíìtì kì í ní túùbù nínú.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo túùbù?

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ń ha ara túùbù ní ojú kan náà. Idẹ ni túùbù, kò le, ihò rẹ̀ á sì yí padà bíi ti ẹyin. Ẹ gbé e sókè sí ojú ọ̀run, ẹ ó rí i. Abẹ́rẹ́ tuntun nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ á ṣì máa jẹ́ kí epo ráyè sá. Bí owó ò bá tó méjèèjì, túùbù ni màá kọ́kọ́ rà.

Tòkúnbọ̀ àti kábúrétọ̀ tuntun

Abẹ́rẹ́ tòkúnbọ̀, rárá. Ẹ ò mọ iye ọdún tó ti fi ha túùbù ẹlòmíràn.

Kábúrétọ̀ tuntun ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ yọ sílaìdì sókè díẹ̀, ẹ mì í: bó bá ń ṣe kẹ́kẹ́ nínú ilé rẹ̀, tí sílóò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tí ẹ kò fa tọ́rọ́tù) kì í sì í dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, abẹ́rẹ́ kankan ò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, kí ẹ sì ka nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Ìlà kẹta, ti àárín, ni kí ẹ fi kílíìpù sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ tún yẹ pílọ́ọ̀gì wò, ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa sún nígbà kan. Bí ìlà kan bá pọ̀jù, wáṣà tí kò nípọn ju ìdajì mílímítà lọ lábẹ́ kílíìpù á gbé e dé àárín. Àwọn abẹ́rẹ́ kan nínú kábúrétọ̀ onírọ́bà, ìyẹn èyí tí rọ́bà fẹ́lẹ́ ń gbé sílaìdì rẹ̀, kì í ní ju ojú kílíìpù kan lọ; wáṣà nìkan ni ọgbọ́n wọn.

Bí kílíìpù bá ti wà ní ìlà òkè pátápátá tí pílọ́ọ̀gì ṣì ń dú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n tà fún yín kì í ṣe ti máṣínì yín. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, torí òun ni ẹ máa fi bá a jà.