PS4, PS5, Xbox, Switch àbí láptọ́ọ̀pù: èwo ló bá ilé tiwa mu?

Bí Kérésìmesì bá ti ku oṣù kan, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò máa ń gbé wá bá mi ní Kabba: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra PS4 ni, àbí kí n dúró kówó pé kí n gba PS5?" Ẹni tó ń bọ̀ wálé láti Abuja ń béèrè, ẹni tó wà ní Mopa àti Ìsánlú náà ń béèrè. PS ni PlayStation, ẹ̀rọ géèmù ti Sony; Xbox jẹ́ ti Microsoft, Switch sì jẹ́ ti Nintendo. Láti ayé PS2 ni mo ti ń ṣe géèmù, mo sì ti lo gbogbo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi wéra níbí, òmíràn tèmi, òmíràn ti mọ̀lẹ́bí.

Àwọn tó ń yẹ géèmù wò nílùú òyìnbó, ọ̀rọ̀ àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Àwòrán tó dára wù mí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Okun wa ní Kogi, ìbéèrè méjì ló ṣáájú rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, kí ni mo pàdánù? Ṣé géèmù yìí wà nínú sídì, àbí dátà ni yóò kọ́kọ́ gbé mì? Òṣùwọ̀n méjì yìí ni mo fi wọn gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ iná

PS5 máa ń jẹ iná tó bíi 200 wáàtì bí géèmù ńlá bá wà lórí rẹ̀. PS4 Slim kì í sábà ju bíi 80 sí 90 lọ, Xbox Series S náà kò jìnnà sí i. Switch tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kì í tó 20. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ní bátìrì inverter kan ṣoṣo. Bátìrì 12V 200Ah gba iná tí yóò gbé 1,200 wáàtì fún wákàtí méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Tẹlifíṣọ̀n 32 íńṣì ń jẹ bíi 50 wáàtì. PS5 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n yóò parí ìdajì náà láàárín bíi wákàtí mẹ́rin. PS4 Slim yóò lò ó tó bíi wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tí sólà rẹ̀ pọ̀ lè má ka èyí sí. Ẹni tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló fọkàn tán, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ìlọ iná ń gbà lọ́wọ́ èèyàn tún yàtọ̀ láti géèmù kan sí èkejì, a kì í sì í kọ ọ́ sára páálí. Nínú EA Sports FC, géèmù bọ́ọ̀lù, bí ẹ bá ti ń na ẹnìkejì 2–0 ní ìṣẹ́jú 85 tí iná lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ti ṣòfò. Elden Ring, géèmù ìjà àti ìrìn àjò, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń dá eré dúró bíi tàwọn géèmù yòókù, bí wọ́n bá pè yín láti gbé nǹkan, ẹ ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí ọ̀tá kò sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń fi ibi tẹ́ ẹ dé pamọ́ fúnra rẹ̀. Iná ti lọ mọ́ mi lójú nínú rẹ̀ kọjá kíkà, ibi tí mo wà náà ni mo máa ń bá ara mi tàbí ìtòsí rẹ̀. Stardew Valley, géèmù oko ṣíṣe, kì í fi nǹkan pamọ́ títí ẹ ó fi lọ sùn lóru inú géèmù, ọjọ́ kan níbẹ̀ sì gba bíi ìṣẹ́jú 14. Iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbìn láàárọ̀ di àtungbìn. Nítorí èyí, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi Stardew sórí PS4 tí kò ní inverter lẹ́yìn. Orí láptọ́ọ̀pù tàbí Switch ló yẹ ẹ́, torí bátìrì wà nínú wọn.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ti ba ẹ̀rọ ẹni méjì tí mo mọ̀ jẹ́: PS4 àti PS5 ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sùn tí wọn kò sì kú pátápátá. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn báyìí, nígbà tẹ́ ẹ bá tan án ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún àkójọ rẹ̀ yẹ̀ wò, hard disk tẹ́ ẹ fi kún un lẹ́yìn sì lè bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ máa pa á pátápátá bẹ́ ẹ bá ti ṣe tán.

Dátà àti sídì

Ibí ni mo ti fọwọ́ jóná. Lọ́dún kan mo ra ẹ̀rọ tí kò ní ojú ihò sídì torí pé owó rẹ̀ kéré. Láàárín oṣù kan, dátà tí mo rà láti fi gbé géèmù méjì wọlé ti ń sún mọ́ iye tí mo fi yọ̀ pé mo jèrè. Géèmù kejì kò tilẹ̀ parí kí dátà tó tán. Mo tà á.

Nítorí náà, lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù lára PS5 ni ihò sídì rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní November 2020 ní oríṣi méjì, ọ̀kan ní ihò, èkejì tí wọ́n ń pè ní Digital kò ní. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jáde ní 2023, ihò rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé rà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń so ihò náà mọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà àkọ́kọ́. PS5 Pro ti 2024 kò bá ihò wá rárá. PS5 tó ní ihò máa ń gba sídì PS4, ẹni tó ti ní sídì PS4 mẹ́wàá nílé kò sọ ọ̀kankan nù. Xbox Series S kò ní ihò, àyè inú èyí tó kọ́kọ́ jáde sì jẹ́ 512GB péré. Ẹ̀rọ tó dára ni, kò gbóná, kò pariwo, ṣùgbọ́n ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í tán ni mo lè sọ pé kó rà á. Series X tó kọ́kọ́ jáde ní ihò, ó sì lágbára bíi PS5. Ìṣòro rẹ̀ níbí ni pé ẹ ó wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa pààrọ̀ sídì títí. Láàárín Kabba sí Ìyarà, PS4 ni gbogbo ọ̀rẹ́ mi ní, sídì kan lè yí ilé mẹ́rin po kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo bí géèmù ṣe yàtọ̀ síra: Baldur's Gate 3 ń béèrè àyè 150GB lórí kọ̀ǹpútà. Elden Ring ń béèrè 60GB. Zelda ti Switch, Tears of the Kingdom, jẹ́ bíi 16GB, inú káàdì rẹ̀ ló sì wà. Stardew kò ju 500MB lọ.

Bọ́ọ̀lù: FC àbí eFootball

EA tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù náà àti àjọ FIFA pínyà lẹ́yìn FIFA 23, orúkọ sì di EA Sports FC láti September 2023. PES tí a ti mọ̀ láti kékeré di eFootball ní 2021, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀fẹ́" lè sáré sí i, ṣùgbọ́n kò ní sídì, íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń bá a lọ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wúwo lẹ́sẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ràn bí ara ṣe ń gbá ara nínú rẹ̀ ju ti FC lọ. Síbẹ̀ FC ni mo ní kẹ́ ẹ rà, torí ọmọ ìyá mẹ́rin lè jókòó sórí ẹní kan náà kí wọ́n gbá a láìsí dátà rárá.

FC ti ọdún wo? Ọdọọdún ni tuntun ń dé ní ìparí September. Bó bá ti dé, owó sídì ti èṣín máa ń já wálẹ̀, ìyẹn ni mo máa ń rà. FC 25 fi Rush kún un, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún, ó sì dùn nígbà tí èrò bá pọ̀ nílé. FC 26 ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà gbá a, Competitive tó yára àti Authentic tó rọra. Authentic náà tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀, ó jọ bọ́ọ̀lù tí a ń wò ní tẹlifíṣọ̀n. FC 25 àti FC 26 ṣì wà fún PS4.

Àwọn géèmù ìtàn

Elden Ring ni géèmù tó gba ọkàn mi jù láti 2022. Ọ̀gá àkọ́kọ́ tó dábùú ọ̀nà, Margit, lù mí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé n kò tètè gbọ́dọ̀ lọ bá a. Ẹ gba ìhà gúúsù lọ, ẹ gun ẹṣin yín káàkiri, ẹ kó agbára jọ, kẹ́ ẹ tó padà. Ó le gan-an, ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń bí kó má rà á. Ó wà fún PS4, ó sì dùn níbẹ̀, kò kàn yára tó ti PS5.

Baldur's Gate 3 yàtọ̀ pátápátá sí i. Ẹ kì í sáré níbẹ̀: ẹ ó ronú, ẹ ó ju dáìsì bíi ti lúdò, ẹ ó ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ. Lórí tẹlifíṣọ̀n 32 íńṣì, ọ̀rọ̀ náà kéré sí ojú mi láti orí àga. Ẹni méjì lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì kí wọ́n jọ ṣe é, èmi àti àbúrò mi lo òjò odindi ọdún kan lórí rẹ̀. Kò sí fún PS4. Ti PS5 tó wà nínú sídì jẹ́ sídì méjì. Nígbà tó dé Xbox ní December 2023, Series S kò lè pín ojú báyìí, 2025 ni wọ́n tó fi kún un, ìdí mìíràn nìyẹn tí n kò fi yàn án nígbà náà.

Astro Bot, PS5 nìkan. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ rà á. Ipele rẹ̀ kúrú, páàdì náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ bí òjò bá ń rọ̀ nínú eré, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọlọ́dún méje kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

Ẹni tó ń wò ó pé PS4 yóò tó títí lọ kó mọ̀ pé àwọn tuntun ti ń fi í sílẹ̀: Spider-Man 2, Tekken 8, Mortal Kombat 1, kò sí ọ̀kan tó dé orí rẹ̀. PS5 àti Xbox Series nìkan ni wọ́n kéde GTA VI fún. Ṣùgbọ́n géèmù tó ti wà nílẹ̀ fún PS4 kò lè tán lọ́wọ́ èèyàn láàárín ọdún márùn-ún, sídì wọn sì rọjú.

Switch àti láptọ́ọ̀pù

Switch ni mo yàn fún ẹni tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé tó sì ń dá ṣeré. Bátìrì Switch OLED ń lo bíi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Mo ti bá Tears of the Kingdom rìn láti Lokoja dé Kabba nínú ọkọ̀, mo ń fi pákó àti fáànù kan ọkọ̀ ojú omi nínú rẹ̀, n kò mọ̀ ìgbà tí a kọjá Obajana. Sídì káàdì rẹ̀ wọ́n, owó rẹ̀ kì í já. Switch Lite kò ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Switch 2 ti 2025 lágbára, ṣùgbọ́n ẹ ka páálí géèmù dáadáa, torí káàdì òmíràn kò ní géèmù nínú, kọ́kọ́rọ́ lásán ni, ẹ ó ṣì fi dátà gbé e wọlé.

Ẹni tó ti ní láptọ́ọ̀pù fún iléèwé kó má tíì ra nǹkan kan. Stardew ń béèrè RAM 2GB péré. Ọ̀gbẹ́ni kan ṣoṣo ló ṣe é fún bíi ọdún mẹ́rin kó tó jáde ní 2016. Ìgbà mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọjọ́ 28, bí ìgbà bá sì yí padà, ohun ọ̀gbìn tí kì í ṣe tirẹ̀ á kú. Ọmọ tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko ní Sátidé yóò tètè lóye rẹ̀. Balatro náà, géèmù káàdì, kéré, kò sì ní fi yín sílẹ̀ bí iná bá lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ẹ mú sídì tiyín lọ. Ẹ jẹ́ kí ó ka sídì náà, kẹ́ ẹ sì ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí PS4 tó kún fún eruku ọyẹ́ kì í pariwo ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Bí fáànù bá ń hó bí ẹ̀rọ ata, wọ́n ní láti ṣí i kí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe. PS5 kì í ṣe ohun tí gbogbo ọ̀gá lè ṣí: irin tó ń ṣàn bí omi ni wọ́n fi sórí ọkàn rẹ̀ láti mú ooru kúrò, bí ó bá dà, ẹ̀rọ lọ nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti crack PS4 náà, ìyẹn pé wọ́n ti já ààbò inú rẹ̀, torí irú rẹ̀ kò ṣeé gbé wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìséwu. Ẹ rí i pé àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí FC tàbí Elden Ring, kẹ́ ẹ gbé páàdì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ká ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí ojú àwòrán bá ń yí tàbí tí ọkùnrin inú géèmù ń rìn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ páàdì náà kẹ́ ẹ tó ka owó.