Three Kingdoms: Ìtumọ̀ ta ni kí ẹ rà?

Ìwé ìtàn àròsọ Ṣáínà kan náà ni gbogbo àwọn ìtumọ̀ yìí, orí 120, tí wọ́n ní Luo Guanzhong kọ ní bí 600 ọdún sẹ́yìn: bí ìjọba Han ṣe tú ká, tí ìjọba mẹ́ta, Wei, Shu àti Wu, ń du ilẹ̀ Ṣáínà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí di ọdún 280. Àmọ́ bí ẹ bá mú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá yín lára mu, orúkọ èèyàn nìkan á sú yín kí ẹ tó dé orí kẹwàá.

C. H. Brewitt-Taylor ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ tán, lọ́dún 1925. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe ṣègbé nínú rògbòdìyàn Boxer, ìyẹn ọ̀tẹ̀ àwọn ará Ṣáínà sí àwọn àjèjì, lọ́dún 1900 ní Peking (Beijing òní), ló bá tún un bẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún akíkanjú náà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti gbó, orúkọ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́: Cao Cao, ọ̀gá Wei, di Ts'ao Ts'ao; Liu Bei, ọ̀gá Shu, di Liu Pei. Àlàyé inú rẹ̀ náà ò tó nǹkan.

Ti Moss Roberts, ọdún 1991, ni mo fọwọ́ sí. Ó lé ní 1,000 ojú ìwé, orúkọ rẹ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí, àlàyé sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó nílò àlàyé yẹn, nítorí ọkùnrin kan lè ní orúkọ méjì: Kongming ni Zhuge Liang, agbani-nímọ̀ràn Liu Bei; Xuande ni Liu Bei fúnra rẹ̀.

Ẹ ka orí 46 wò. Wọ́n ní kí Kongming wá ọfà 100,000 láàárín ọjọ́ 10. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ó to ìdì koríko sára ọkọ̀ ojú omi 20, ó wọ inú kùrukùru òru lọ sí ibùdó Cao Cao ọ̀tá wọn, ó ní kí wọ́n máa lu ìlù. Àwọn tafàtafà ta á títí. Koríko gba gbogbo ọfà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ọkọ̀ Kongming ń kígbe “ẹ ṣé” padà lọ! Kongming ò ṣe èyí nínú ìtàn gidi o, ṣùgbọ́n ta ló máa fẹ́ fo orí yẹn?

Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni ti Yu Sumei (Tuttle, 2014), Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, kò sì wúwo lọ́wọ́. Ti Martin Palmer (Penguin, 2018) ti gé kúrú. Ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ló wà fún.

Kí ẹ tó sanwó fún ti Roberts, ẹ ṣí àtòjọ orí inú rẹ̀: òun náà ní ẹ̀dà tó gé kúrú, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́. Bí orí ò bá pé 120, ẹ dá a padà.