Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì tí mo rà ní Dùgbẹ̀: ohun tí ó wúlò àti ohun tí mo kó dà nù

Ó pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí mo ra àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí fọ́ọ̀sì éèdì, ní ilé ìtajà oògùn kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. 18,000 náírà ni mo san. N kò fẹ́ sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ kí n tó lò ó dáadáa, nítorí pé gbogbo irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wu ojú nígbà tí ó bá ṣì wà nínú ọ̀rá. Ní báyìí, ó ti wà nítòsí nígbà tí omi gbígbóná dà sí ọmọ lára, nígbà tí agolo gé mi lọ́wọ́, nígbà tí imú ṣẹ̀jẹ̀ àti nígbà tí ọmọ kan já bọ́ láti orí igi.

Àpótí oníke aláwọ̀ ewé ni, tí a ya àgbélébùú funfun sí lára. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni gọ́ọ̀sì, báńdéèjì oríṣi méjì, pílásítà ogún, òwú, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo fún ọwọ́ méjèèjì, aṣọ onígun mẹ́ta kan, sísọ́ọ̀sì, ẹ̀mú kékeré, ìgò sípírítì, ìgò áyódíìnì, ìpara kan fún egbò àti ìwé pélébé tí ó ń kọ́ni bí a ó ṣe lò wọ́n. Sísọ́ọ̀sì náà kò lè gé ìwé, ká má tilẹ̀ sọ aṣọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a ń se omi èbà lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin fa etí ìkòkò, omi gbígbóná sì dà sí i lọ́wọ́ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ra àpótí náà, mo sì sáré lọ gbé e. Nígbà tí mo ṣí i, n kò rí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé omi tútù tí ń ṣàn ni ó yẹ kí a dà sí ojú ibi tí iná tàbí omi gbígbóná bá ti kan ènìyàn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́jọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí a pọn sílẹ̀ ni a lò, tí a ń fi ike bù ú, tí a sì ń rọra dà á sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn tí a ti tètè bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ náà tó wú. A kò fi yìnyín sí i, nítorí pé yìnyín náà a máa ba ẹran ara jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni màmá kan láti ilé kejì gbé ẹyin tútù méjì dé, wọ́n ní kí a pò ó kí a fi lé e lórí. Mo ní, “Ẹ ṣé o, mà, ẹ jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ ná.” Inú wọn kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹyin, epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín kì í jẹ́ kí ooru tí ó ti wọ inú ẹran ara jáde, wọ́n sì lè kó àrùn sí ojú egbò. Ẹyin náà kò kúkú ṣòfò, a dín in jẹ lálẹ́. Ìwé pélébé inú àpótí ní kí a fi òwú bo ojú iná, èyí sì ni àṣìṣe rẹ̀ tí ó burú jù, nítorí pé òwú a máa lẹ̀ mọ́ egbò. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo oúnjẹ ni a tẹ́ lé e, láìfún un, a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ibi tí ó bó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á kò ní ohunkóhun láti nù kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí àpótí náà ti gba ìyìn lọ́dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìdérí agolo tòmátò gé mi ní àtàǹpàkò, gọ́ọ̀sì inú rẹ̀ nípọn dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò, mo gbé ọwọ́ náà sókè, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Báńdéèjì tí ó ń fà náà dúró títí di ọjọ́ kejì. Ìwé yẹn ní kí n da sípírítì sínú egbò, n kò dà á, nítorí pé ó máa ń ta ènìyàn lásán ni, ó sì ń pa ẹran ara tí ó fẹ́ jinná. Omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ ní etí egbò ti tó. Ọjọ́ kejì ni mo lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì), nítorí pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo gbà á kẹ́yìn. Àwọn kan gbà pé ìpẹtà ni ó ń fa àrùn yìí, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni.

Nígbà ọyẹ́, imú ọmọ mi ṣẹ̀jẹ̀, a kò sì nílò ohun kan nínú àpótí náà ju gọ́ọ̀sì tí a fi nù ún lọ. Ó tẹ orí síwájú, ó fún ibi tí ó rọ̀ ní imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ń fi ẹnu mí. Ìwé pélébé kò mẹ́nu bà á rárá.

Aṣọ onígun mẹ́ta ni mo rò pé kò ní wúlò títí di ọjọ́ tí ọmọ aládùúgbò kan já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Òun ni a fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, tí kò fi mì títí tí a fi dé ilé ìwòsàn. Arákùnrin kan fẹ́ fà á kí ó lè bọ́ sí ipò, a kò gbà fún un.

Pílásítà ni ó já mi kulẹ̀ jù. Mo fi àpótí náà sí búùtù ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ooru sì ti yọ́ àtè ara wọn. Àṣìṣe tèmi ni ìyẹn, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ìpara náà ku oṣù mẹ́rin péré kí ọjọ́ rẹ̀ pé nígbà tí mo rà á, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó sanwó.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti kó òwú, sípírítì àti ìwé pélébé dà nù, mo fi sísọ́ọ̀sì tòótọ́, ìbọ̀wọ́ mẹ́fà àti ọ̀rá ìboúnjẹ dípò wọn, mo sì lẹ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, 112, mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Ilé ìdáná ni ó ń gbé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù fi fọ abọ́.