Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ájẹ́ńtì tó ń gbowó láti mú yín lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ẹ ń wá ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan gba ọ́fíìsì nítòsí Takie, ó ń sọ pé òun ń mú olùkọ́ lọ sí Ṣáínà àti Kòríà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà níwájú ọlọ́pàá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é, torí ẹlòmíràn lè gba ọ̀nà kan náà yọ sí yín láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹ mọ bí owó oṣù wa ṣe rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Kò tàn mí o. Òun náà ti san tirẹ̀, ó sì rò pé oore lòun ń ṣe mí ni. Ẹni tó máa mú yín débẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín dénú.

Ájẹ́ńtì náà kò béèrè owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù ló fi bẹ̀rẹ̀, ₦15,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí n san ₦120,000 fún sàtífíkéètì TEFL, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sanwó, ìwé dé lọ́jọ́ kẹta, láìjẹ́ pé mo jókòó ka ohunkóhun. Ó yẹ kí ojú mi là níbẹ̀, torí ojúlówó TEFL tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń béèrè jẹ́ ti wákàtí 120. Ó tún gba ₦180,000 pé òun fẹ́ gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ sí Abuja fún òǹtẹ̀. Nígbà tí ₦315,000 ti lọ, ta ló fẹ́ padà sẹ́yìn? Ká má baà pàdánù èyí tí a ti san, a tún ń wá òmíràn kún un. Nígbà tó wá dárúkọ ₦400,000 fún físà, mo yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ìyá mi sì fi owó kajú ọdún yẹn kún un. Owó kajú ìyá mi yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe fún mi kò ju ìpè WhatsApp lọ. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Wọ́n ní kí n ka ìpínrọ̀ kan, lọ́jọ́ kejì lẹ́tà ti dé pé mo ti wọlé. Dọ́là ni wọ́n kọ owó oṣù sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, yuan ni wọ́n ń ná ní Ṣáínà, yuan náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ń san. Gmail ni wọ́n fi fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, kò sì sí àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Mo kàn ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni.

Ohun tó yọ mí ni álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Nígbà tó gbé fọ́ọ̀mù físà wá kí n buwọ́ lù ú, mo rí M níbi tí wọ́n ń kọ irú físà sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò kan tí a jọ kàwé ní Ọ̀yọ́, tó ń kọ́ ìṣirò ní Guangzhou báyìí. Kò kọ èsì. Ó pè mí ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá o. M, ti àwọn tó ń wá rajà ni. Z ni físà iṣẹ́.”

Òun ló ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba wọn níbẹ̀. Wọ́n á fi ìwé ìfitónilétí ìjọba yẹn ránṣẹ́ sí yín, òun lẹ máa mú lọ tọrọ Z. Tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ tọrọ ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá fi M tàbí L, tí í ṣe ti arìnrìn-àjò afẹ́, ṣiṣẹ́ ti rú òfin wọn. Òfin ìwọlé àti ìjáde Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2013 sọ pé owó ìtanràn rẹ̀ wà láàárín 5,000 sí 20,000 yuan, tó bá sì le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 á tẹ̀ lé e. Wọ́n tún lè dá yín padà sílé. Nígbà tí mo bi ájẹ́ńtì náà, ó ní, “Àǹtí, ẹ sáà débẹ̀ ná, ilé ìwé á bá yín yí i padà.” Tí wọ́n bá sọ èyí fún yín, ẹ dìde kúrò lórí àga yẹn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí, bó tilẹ̀ korò. Ìlànà Ṣáínà ni pé kí olùkọ́ èdè wá láti orílẹ̀-èdè tí èdè náà ti jẹ́ èdè abínibí, wọn kì í sì í ka Nàìjíríà mọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìṣirò ni àbúrò mi yẹn ń kọ́. Ní ti Kòríà Gúúsù, físà E-2 tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Kò sí iye tí ẹ lè san fún ájẹ́ńtì tó máa sọ Nàìjíríà di ìkẹjọ. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé tó bá débẹ̀, kó máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ Gúúsù Áfíríkà. A gbéra nílé nítorí iṣẹ́, a wá ń sẹ́ ilé baba wa!

Ẹ má fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí tàbí ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí tèmi fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ọlọ́pàá tẹ̀ lé mi lọ ló tó yọ wọ́n sílẹ̀. Nínú ₦715,000, ₦100,000 ni mo tíì rí gbà.

Ó lẹ ìwé CAC mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. CAC kàn ń sọ pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Láti gba èèyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ìwé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ni kí ẹ ní kó mú wá. Mo béèrè rẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ìbínú ló fi dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti mú ẹni yín rìnrìn-àjò tí wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627. Ti owó, ọlọ́pàá àti EFCC ni. Lábẹ́ òfin ọdún 2006, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni fún ẹni tó fi irọ́ gbowó ẹlòmíràn, kò sì sí pé wọ́n fẹ́ fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀.

A ti di mẹ́fà tí a jọ kọ̀wé ẹ̀sùn. Mo mọ àwọn méjì lágbègbè Under G tó ń wá ₦400,000 ti físà kiri lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ fi èyí hàn wọ́n lónìí. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní báǹkì, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ.